Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Iṣẹ́ Oòjọ́ Nínú Ṣíṣe Eré Orí Kọ̀ǹpútà

Ìfáàrà

Ó ṣòro kí a tó rí ẹnì kan nínú wa tí wọn kò tíì bi ní ìbéèrè yìí rí: "Kí ni o fẹ́ fi Yorùbá jẹ?" Ní ìsinmi tí ó kọjá, bàbá mi gan-an ni wọ́n bi mí. Mo ní, "Ẹ má ṣe ìyọnu, bàbá, màá ṣe olùkọ́." Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Iṣẹ́ olùkọ́ dára. Ṣùgbọ́n gbogbo yín náà ni ilé ẹ̀kọ́ yóò gbà?" N kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn ni ó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí, òun náà ni ó sì bí àpilẹ̀kọ yìí.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ wa rò pé kò kàn wá rárá, ìyẹn ni ṣíṣe eré orí kọ̀ǹpútà àti ti orí fóònù, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní géèmù. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè ní ìjókòó tirẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí géèmù jẹ́

Ẹ jẹ́ kí a ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ayò ọlọ́pọ́n ní ihò 12 àti ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni méjì ni ó ń ta á. Bí a bá wò ó fínnífínní, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan gbẹ́ ọpọ́n, ẹnì kan ṣa ọmọ ayò, àwọn àgbà ni ó sì gbé òfin rẹ̀ kalẹ̀ kí a tó bí wa. Àwọn òǹwòran a máa fi ẹ̀fẹ̀ mú un dùn. Bí a bá yọ ọ̀kan nínú wọn kúrò, eré náà kò ní rí bákan náà mọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti géèmù. Ní ọdún 1958, William Higinbotham, onímọ̀ físíìsì kan ní Amẹ́ríkà, ṣe eré tẹ́níìsì kan sójú ẹ̀rọ kí àwọn àlejò ilé ìwádìí Brookhaven lè máa fi ṣeré. Ní 1972, ilé iṣẹ́ Atari gbé Pong jáde. Ní 1978, Tomohiro Nishikado ní ilẹ̀ Japan ṣe Space Invaders, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun nìkan ni ó dá a ṣe. Lóde òní, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ lè fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe géèmù ńlá kan ṣoṣo. Síbẹ̀ ẹnì kan ṣì lè dá ṣe é: Eric Barone dá ṣe Stardew Valley fún ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́rin kí ó tó gbé e jáde ní 2016.

Àwọn iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀

Mo pín wọn sí ọ̀nà mẹ́fà kí ó lè yé wa.

1. Ẹni tí ó ń gbé òfin eré kalẹ̀. Òun ni ó ń pinnu ohun tí òṣèré lè ṣe, ohun tí yóò dí i lọ́wọ́, àti bí yóò ṣe borí. Shigeru Miyamoto tí ó ṣe Donkey Kong ní 1981 kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kọ́ nípa yíya àwòrán ohun èlò ni ó kọ́ kí ó tó wọ ilé iṣẹ́ Nintendo ní 1977.

2. Ẹni tí ó ń kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. C++ àti C# wà lára àwọn èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò jù.

3. Ayàwòrán, àti ẹni tí ó ń mú kí àwòrán máa rìn, kí ó máa sáré, kí ó máa jó.

4. Olórin àti ẹni tí ó ń ṣètò ìró, títí kan ìró ẹsẹ̀ nínú ewé gbígbẹ.

5. Alábòójútó, tí ó ń ṣọ́ owó àti àkókò, àti ẹni tí ó ń dán eré wò. Ẹni tí ó ń dán eré wò yìí kì í kàn ṣeré lásán. Ó lè wọ yàrá kan ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láti mọ ibi tí àṣìṣe wà, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà tí yóò yé ẹni tí yóò tún un ṣe.

6. Àwọn ọlọ́rọ̀: òǹkọ̀wé ìtàn, ògbufọ̀, àti àwọn tí ń fọhùn. Ibí yìí gan-an ni ilẹ̀kùn tiwa wà.

Ohun tí ojú mi rí

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ṣe géèmù kékeré kan nípa ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán lọ sọ́jà. Ó bẹ̀ mí kí n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Mo rò pé iṣẹ́ wákàtí méjì ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó gbà wá.

Ìṣòro kìíní jẹ́ ti òǹkà. Ó ti pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kí nọ́ńbà máa ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ, nítorí náà eré náà ń sọ pé, "O ní 3 ọsàn." Mo ṣàlàyé fún un pé lẹ́yìn ọ̀rọ̀-orúkọ ni òǹkà wa máa ń wà: "O ní ọsàn 3." Ó ní láti tún àṣẹ náà kọ.

Ìṣòro kejì jẹ́ ti àmì ohùn. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, á ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ńṣe ni a ń to ẹ àti àmì pọ̀. Irú lẹ́tà tí ọ̀rẹ́ mi ń lò kò mọ èyí, ni ó bá ń gbé àwọn àmì kan jù sílẹ̀. Ibi tí mo ti kọ "Wọ inú ọkọ̀" wá di "Wọ inú ọkọ". A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́: ohun tí a ń kọ́ ní kíláásì fonọ́lọ́jì, tí àwọn kan ń pè ní àkọ́sórí lásán, iṣẹ́ oòjọ́ ni.

Àwọn tí ó ti ṣe é ṣáájú

Ní 2014, àwọn Iñupiat ní Alaska, nípasẹ̀ Cook Inlet Tribal Council, bá ilé iṣẹ́ E-Line Media ṣe géèmù Never Alone. Ìtàn ìbílẹ̀ wọn ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n pe àwọn àgbà àti apàlọ́ sí i, èdè Iñupiaq ni ẹni tí ń pa ìtàn náà sì ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tí ń sọ èdè yìí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa.

Nílé níbí, Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó ní 2012. Ilé iṣẹ́ yìí ni ó ṣe Disney Iwájú: Rising Chef ní 2024, eré oúnjẹ sísè tí ó bá eré àtìgbàdégbà Iwájú rìn. Orúkọ Yorùbá ni ó wà lórí iṣẹ́ tí gbogbo ayé rí.

Ewu inú oko

N kò ní fi dídùn inú rẹ̀ nìkan tàn yín. Ní 2023 àti 2024, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ géèmù ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ní oṣù Keje 2024, àwọn tí ń fọhùn fún géèmù lábẹ́ ẹgbẹ́ SAG-AFTRA daṣẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nítorí ìbẹ̀rù pé a lè fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà ohùn wọn láìgba àṣẹ. Ó di 2025 kí ìjà náà tó parí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí géèmù fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀.

Bí a ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Twine, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí kò mọ àṣẹ kọ̀ǹpútà kankan lè fi í kọ àlọ́ tí òǹkàwé yóò máa yan ọ̀nà tí ìjàpá yóò gbà. Godot àti Blender náà jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú. Lọ́dọọdún láti 2009 ni ètò Global Game Jam ti ń wáyé, níbi tí àwọn àjèjì ti ń kó ara wọn jọ ṣe géèmù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí a sì wá ọ̀rẹ́ ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Àwọn náà ń wá wa. Iṣẹ́ tí a ti ṣe, tí a lè fi hàn, ni agbanisíṣẹ́ kọ́kọ́ máa ń béèrè.

Àgbálọgbábọ̀

Nígbà tí a parí géèmù náà, mo gbé e lọ fún bàbá mi. Wọ́n rí orúkọ mi níbẹ̀, wọ́n ní, "Èló ni wọ́n san?" Mo ní wọn kò tíì san nǹkan kan. Wọ́n dákẹ́, wọ́n sì ń ṣeré náà lọ. Nígbà tí ọmọ inú eré dé ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́jà, tí ó ní, "Báwo ni?", bàbá mi gbé fóònù sílẹ̀. "Ta ni ó kọ èyí? Ọmọ tí a kọ́ kì í kí àgbà báyẹn. 'Ẹ kú ọjà o, ìyá' ni kí ó wí."

Èmi ni mo kọ ọ́, èmi akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tún un ṣe. Bàbá mi kò tún bi mí léèrè ohun tí n óò fi Yorùbá jẹ láti ìgbà náà. Ohun tí wọ́n ń béèrè báyìí ni ìgbà tí òmíràn yóò jáde. Èsì tí n óò fún wọn lórí owó ṣì wà níwájú, ṣùgbọ́n mo ti mọ ibi tí n óò ti wá a. Ẹ jẹ́ kí a jọ wá a o.