Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ àti Àwọn Ẹ̀yà Rẹ̀: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Yíyan Ríìmù Pikọ́ọ̀pù Àtijọ́ àti Títún Un Kùn

1. Ìfáàrà

Ète iṣẹ́ yìí ni láti gbé àwọn ọ̀rọ̀-ìperí kan kalẹ̀ fún ẹ̀yà ẹsẹ̀ ọkọ̀, kí olùkọ́, ògbufọ̀ àti oníṣẹ́-ọwọ́ lè fi èdè Yorùbá ṣàlàyé bí a ṣe ń yan ríìmù fún pikọ́ọ̀pù tí ó ti pẹ́ lóde, àti bí a ṣe ń tún un kùn. A yan pikọ́ọ̀pù nítorí pé ọkọ̀ ẹrù ni. Àṣìṣe tí ọkọ̀ kékeré lè fara dà fún ìgbà díẹ̀, pikọ́ọ̀pù tí ó ru iṣu tàbí sìmẹ́ǹtì kò ní fara dà á. A sì yan èyí tí ó ti pẹ́ nítorí pé ìwé ìlànà rẹ̀ a ti máa sọnù, ríìmù tí ó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ kì í sábà sí lára rẹ̀ mọ́, ohun tí a bá sì rí lọ́jà tòkunbọ̀ ni a máa ń dè mọ́ ọn. Hilux, tí ilé-iṣẹ́ Toyota bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ọdún 1968, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn kò ju ọ̀kan lọ: ọ̀rọ̀ tí kò pín nǹkan níyà níbi tí ó yẹ kí ó pín in a máa fa ewu. Nítorí náà, kì í ṣe bí ọ̀rọ̀-ìperí ti dùn létí tó ni a ó fi díwọ̀n rẹ̀, bí kò ṣe bóyá ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò ra ríìmù tí ó yẹ.

2. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá lọ sí ìsọ̀ fọkanáísà tàbí ti mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a ó gbọ́ jù: táyà, ríìmù àti ẹsẹ̀. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a máa dípò ara wọn. Ẹ wo gbólóhùn yìí: ‘Táyà ọkọ̀ náà yọ lójú ọ̀nà.’ Ó lè túmọ̀ sí pé rọ́bà jáde kúrò lára irin tí ó gbé e ró. Ó sì lè túmọ̀ sí pé rọ́bà àti irin lápapọ̀ ni wọ́n kúrò lára ọkọ̀. Ìjàm̀bá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ̀nyí. Àìtó afẹ́fẹ́ lè fa èkíní; nọ́ọ̀tì tí ó tú tàbí bọ́ọ̀tì tí ó kán ni ó sábà máa ń fa èkejì. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ ‘yọ táyà’ sínú ìwé ìlànà kò tíì sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ bóyá sípánà ni yóò mú tàbí irin tí a fi ń ṣí rọ́bà.

Ọ̀rọ̀ kẹrin ni kẹ̀kẹ́. Ó ti wà nínú Bíbélì Yorùbá tipẹ́, kò sì sí àbùkù lára rẹ̀ nípa ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹni tí ó bá gbọ́ kẹ̀kẹ́ á kọ́kọ́ rántí ohun tí à ń fẹsẹ̀ wà, tàbí ọkọ̀ èrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Nítorí ìdí yìí, a dábàá pé kí a pín àwọn ọ̀rọ̀ náà báyìí:

Ẹsẹ̀ ọkọ̀: táyà àti ríìmù lápapọ̀, bí wọ́n ṣe wà lára ọkọ̀.
Táyà: rọ́bà nìkan.
Ríìmù: irin tàbí alumíníọ̀mù tí táyà wọ̀ sí, tí a fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ họ́ọ̀bù.

A kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn dípò táyà, ríìmù, nọ́ọ̀tì, bọ́ọ̀tì àti họ́ọ̀bù. Wọ́n ti di ti Yorùbá, ohùn wọn ti fìdí múlẹ̀, kò sì sí oníṣẹ́ tí kò mọ̀ wọ́n. Ààlà ìtumọ̀ wọn nìkan ni ó yẹ kí a tún fà.

3. Ẹ̀yà ara gẹ́gẹ́ bí orísun ọ̀rọ̀

Yorùbá a máa fi ẹ̀yà ara ènìyàn pe ẹ̀yà nǹkan: ojú ọ̀nà, etí odò, ẹnu ìkòkò, ìdí igi. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn oníṣẹ́ ti fi ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó bá ìlànà èdè mu kí a tẹ̀ síwájú lójú ọ̀nà kan náà. Àwọn tí a dábàá nìyí:

Ojú ríìmù: apá tí ó kọjú síta nígbà tí a bá dè é mọ́ ọkọ̀.
Ẹ̀yìn ríìmù: apá tí ó kọjú sí abẹ́ ọkọ̀.
Etí ríìmù: bèbè tí ó yí i ká, tí kò jẹ́ kí táyà bọ́.
Ìdodo ríìmù: ihò ńlá àárín, tí orí họ́ọ̀bù ń wọ̀.
Ìjókòó ríìmù: ojú pẹrẹsẹ tí ó wà lẹ́yìn, tí ó fara ti họ́ọ̀bù.
Ìdí nọ́ọ̀tì: apá nọ́ọ̀tì tí ó ń tẹ ríìmù mọ́lẹ̀.
Eyín nọ́ọ̀tì: ìlà wíwé inú rẹ̀, tí ó ń bá eyín bọ́ọ̀tì wọnú ara wọn.

4. Yíyan ríìmù: ìbéèrè márùn-ún

(i) Òbírípo bọ́ọ̀tì. Iye ihò nìkan kò tó. Bí a bá fa òbírípo kan tí ó gba àárín gbogbo ihò bọ́ọ̀tì kọjá, a ní láti mọ ìdábùú rẹ̀, èyí ni ìlà tí ó gba àárín òbírípo láti etí kan dé èkejì. Hilux tí ẹ̀rọ ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ní ihò mẹ́fà, ìdábùú òbírípo rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 139.7. Àwọn Hilux àtijọ́ tí ẹ̀rọ ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn nìkan ní ihò márùn-ún lórí mìlímítà 114.3. Ford F-150 tí a ṣe kí ó tó di ọdún 1997 ní ihò márùn-ún bákan náà, ṣùgbọ́n lórí mìlímítà 139.7. Ẹni tí ó bá sọ fún òǹtajà pé ‘oníhò márùn-ún ni mo ń fẹ́’ kò tíì sọ ohun tí ó ń fẹ́.

Bí ihò bá jẹ́ mẹ́fà, a ó wọn ìlà láti àárín ihò kan dé àárín èyí tí ó kọjú sí i. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún, kò sí ihò tí ó kọjú sí òmíràn gan-an. Ẹ wọn ìlà láti àárín ihò kan dé àárín èyí tí ó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi 1.701 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ìlà náà bá jẹ́ mìlímítà 67.2, ìdábùú yóò jẹ́ 114.3. Olùkọ́ ìṣirò lè fi èyí kọ́ ọmọ ilé-ìwé bí igun 36 ṣe wúlò ní ìsọ̀ mẹkáníìkì.

(ii) Ìdodo. Ríìmù Chevrolet Silverado 1500 òde òní ní ihò mẹ́fà lórí mìlímítà 139.7 gẹ́gẹ́ bí ti Hilux. Síbẹ̀, ìdodo rẹ̀ kò ju bíi mìlímítà 78 lọ, nígbà tí ti Hilux oníhò mẹ́fà tó bíi 106. Kò lè wọ̀ ọ́. Bí ìdodo bá sì tóbi ju orí họ́ọ̀bù lọ, ríìmù yóò wọlé, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì nìkan ni yóò máa mú un wà láàárín. Bí kò bá sì wà láàárín dáadáa, ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n.

(iii) Ìyàgò. Bí a bá pín ìbú ríìmù sí méjì ọgbọọgba, a ó rí ìlà àárín. Ìjókòó ríìmù lè wà lórí ìlà yìí. Ó sì lè yà sí apá ojú tàbí sí apá ẹ̀yìn. Iye mìlímítà tí ó fi yà ni a pè ní ìyàgò. Bí ìjókòó bá yà sí apá ojú, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò wọlé sí abẹ́ ọkọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ a máa fi àmì ìròpọ̀ (+) kọ ọ́. Bí ó bá yà sí apá ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò yọ síta. Àmì ìyọkúrò (−) ni wọ́n ń fi kọ ọ́. Ibí yìí ni ògbufọ̀ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Bí ó bá pe ti àkọ́kọ́ ní ‘ìyàgò síta’ nítorí pé ìjókòó lọ síta, ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò rò pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ó lọ síta, bẹ́ẹ̀ òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń rí, ẹnikẹ́ni kì í rí ìjókòó. Nítorí náà a dábàá ìyàgò ìwọlé fún ti àkọ́kọ́, àti ìyàgò ìyọsíta fún ìkejì. Ìwọlé tí ó pọ̀ jù a máa jẹ́ kí táyà fara ha irin abẹ́ ọkọ̀ àti okùn bíréèkì; ìyọsíta tí ó pọ̀ jù a máa ni béárìn lára, a sì máa jẹ́ kí táyà fara ha bọ́dì nígbà tí ọkọ̀ bá ru ẹrù.

(iv) Ìdí àti eyín nọ́ọ̀tì. Ìdí nọ́ọ̀tì lè rí ṣóńṣó, ó lè rí roboto, ó sì lè rí pẹrẹsẹ. Ìdí ṣóńṣó kò gbọdọ̀ jókòó sí ihò tí a gbẹ́ fún ìdí pẹrẹsẹ, nítorí pé ibi tí wọn yóò ti fara kanra kò ní tó. Ní ti eyín, bọ́ọ̀tì Toyota àti ti Nissan a máa fẹ̀ tó mìlímítà 12 bákan náà, ṣùgbọ́n àlàfo láti eyín kan dé èkejì jẹ́ 1.5 lára ti Toyota, ó sì jẹ́ 1.25 lára ti Nissan. Nọ́ọ̀tì ọ̀kan lè kọ́kọ́ mú bọ́ọ̀tì èkejì. Bí a bá wá fi agbára dè é, eyín yóò jẹ.

(v) Agbára ìrù. Èyí ni ìwọ̀n ẹrù tí ríìmù kan lè gbé. A sábà máa ń rí i lẹ́yìn ríìmù. Bí a bá mú un pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì lápapọ̀ lè ru kílógíráàmù 1,600, agbára ìrù ríìmù kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín sí 800. Ríìmù tí a ṣe fún ọkọ̀ kékeré lè wọ bọ́ọ̀tì pikọ́ọ̀pù, síbẹ̀ kí ó kùnà nínú ìbéèrè yìí.

5. Títún ríìmù kùn

Kí a tó kun ríìmù, a ní láti mọ bí a ṣe ṣe é. Èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ fún èyí, nítorí àgbẹ̀dẹ a máa rọ irin, asúdẹ a sì máa da idẹ. Nítorí náà, a lè pe èyí tí a da alumíníọ̀mù yíyọ́ sínú àwòṣe rẹ̀ ní ríìmù dídà, kí a pe èyí tí a fi agbára tẹ̀ tí ó fi ki ní ríìmù rírọ, kí a sì pe ti irin, tí a jó òrùka àti àwo inú rẹ̀ pọ̀, ní ríìmù jíjópọ̀.

Ìyàtọ̀ kejì wà láàárín ìpáàrà àti ìjẹ. À ń sọ pé ìpáàrà ti jẹ irin, tàbí pé irin ti dógùn-ún. Irin, omi àti ọ́síjìn ni wọ́n ń para pọ̀ di ìpáàrà; kò sí ìpáàrà lára alumíníọ̀mù. Ẹ̀tù funfun ni a ń rí lára tirẹ̀. A dábàá ìjẹ mẹ́tàlì fún gbogbo irú ìbàjẹ́ báyìí, kí a fi ìpáàrà sílẹ̀ fún irin nìkan. Ìdí ni pé búrọ́ọ̀ṣì onírin tí ó dára fún híha ìpáàrà kò yẹ fún alumíníọ̀mù. Yóò họ ọ́, èérún irin yóò há sínú rẹ̀, èérún náà yóò sì dógùn-ún lábẹ́ ọ̀dà tuntun.

Lẹ́yìn tí a bá ti tú táyà kúrò, tí a sì ti fọ ríìmù, a ó yẹ etí rẹ̀ àti àyíká ihò bọ́ọ̀tì wò bóyá ó sán. Ríìmù tí ó sán, kì í ṣe ọ̀dà ni oògùn rẹ̀. Kí a pa á tì. A kò sì gbọdọ̀ gbé iná wẹ́dà sún mọ́ ríìmù nígbà tí táyà wà lára rẹ̀, nítorí pé ó lè bú gbàmù. Ti irin, a ó fi sánpépà 80 ha á, lẹ́yìn náà 180, lẹ́yìn náà 320. Bí nọ́ńbà ti ń pọ̀ sí i ni sánpépà ń kúnná sí i. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, nítorí náà ó dára kí a máa fi omi ha á, kí a sì bo imú.

Ìpele ọ̀dà mẹ́ta ni ó wà. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ ni ó ń di mẹ́tàlì mú. Ti irin lè ní síńkì nínú, ti alumíníọ̀mù lè ní ásíìdì díẹ̀. Ọ̀dà aláwọ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Ọ̀dà gaara, tí àwọn akunlé ọkọ̀ ń pè ní kílíà, ni ó kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀melòó kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ó ki lọ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dà ẹ̀tù ni, tí a ń fi iná ààrò bí 200 °C mú gan, kí a rántí pé ooru léraléra lè dín agbára alumíníọ̀mù kù.

Ibi méjì ni ọ̀dà kò gbọdọ̀ ti ki: ìjókòó ríìmù àti ibi tí ìdí nọ́ọ̀tì ń tẹ̀. Ọ̀dà tí ó ki níbẹ̀ yóò fọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ru ẹrù, nọ́ọ̀tì yóò sì dẹ̀. Bí a bá ń dè é padà, láti nọ́ọ̀tì kan ni a ó ti fò sí èyí tí ó kọjú sí i, a kò ní tò wọ́n léraléra. Lẹ́yìn kìlómítà 80 sí 160, kí a tún wọn gbogbo wọn wò.

6. Àgbálọgbábọ̀

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀, ọ̀pọ̀ ni ó wà lẹ́nu oníṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ààlà nìkan ni a fà fún wọn. Àwọn bí ìdodo, ìjókòó àti ìyàgò jẹ́ àbá. Kí wọ́n tó wọnú ìwé ẹ̀kọ́, ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ gbé wọn lọ sí ìsọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ mú ríìmù kan láàárín mẹ́wàá, láìnawọ́ sí i. Bí ó bá mú èyí tí ó yẹ wá, ọ̀rọ̀ náà ti ṣiṣẹ́. Bí ó bá mú òmíràn, ẹ má ṣe bá akẹ́kọ̀ọ́ wí kí ẹ tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.