Ta Ló Ti Àkáǹtì Rẹ Pa?

Àbúrò mi, o ta epo tán lọ́jà Òkìtìpupa, o fẹ́ fi owó ra ẹ̀gẹ́ tí o máa fi ṣe púpurú, àfi bí owó ò ṣe lọ mọ́. Wọ́n ti ti àkáǹtì pa. Má tíì sunkún o. Má sì tíì san kọ́bọ̀ fún ẹni tó bá pè ọ́ lórí fóònù. Béèrè ìwé ná. Ìmọ̀ràn yìí ò tíì já mi kulẹ̀ rí.

Tètè dé báńkì láàárọ̀, kí èrò tó pọ̀. Èmi a máa wé gèlè lọ ni, torí wọ́n a tètè dá aláṣọ lóhùn. Má fi mí rẹ́rìn-ín! Sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní kí ẹ tì í? Ẹ fi ìwé rẹ̀ hàn mí.” Kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó dá ọ lóhùn sílẹ̀.

Ó lè má jẹ́ gbèsè rárá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, pàṣẹ pé kí wọ́n ti àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN. Tó bá jẹ́ ìyẹn ni, mú NIN rẹ dání, ó parí.

Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni owó ń pòórá, béèrè nípa GSI, ìlànà CBN tó bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2020. Ìwé tí o buwọ́ lù nígbà tí o ń yáwó ló fún báńkì láṣẹ láti yọ gbèsè tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá nínú àkáǹtì rẹ ní báńkì mìíràn. BVN ló so gbogbo wọn pọ̀, nítorí náà ṣíṣí òmíràn ní Igbótako tàbí Àkúrẹ́ ò lè gbà ọ́. Ṣùgbọ́n owó tí o yá àti èlé rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè fi GSI yọ, kì í ṣe owó ìtanràn. Gba sítéètìmẹ́ǹtì, kí o ṣírò ó fúnra rẹ.

Ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ràn jù nìyí: tí o bá jẹ́ akápò ẹgbẹ́ alájọ, má fi owó àjọ sínú àkáǹtì ara rẹ. Báńkì tó ń gba gbèsè ò mọ owó ìyá alágbo tó ń dájọ lọ́dọ̀ rẹ yàtọ̀ sí tìrẹ. Ta ló fẹ́ ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ tí àjọ bá kàn wọ́n? Ẹ ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́, kí èèyàn méjì máa buwọ́ lù ú. Wàhálà díẹ̀ wà níbẹ̀rẹ̀, mo gbà, àmọ́ wàá sùn dáadáa.

Tó bá jẹ́ kóòtù ló tì í lẹ́yìn ìdájọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fún ọ ní ẹ̀dà àṣẹ náà, ó kéré tán ọjọ́ 14 ṣáájú ìgbẹ́jọ́ lórí àṣẹ náà. Má fi ọjọ́ wọ̀nyẹn ṣòfò, wá lọ́yà.

Ti gbómúléláńtà àti àwọn ayánilówó orí fóònù ló ń bí mi nínú. Láyé àtijọ́, ológò a wá dógò ti onígbèsè, a máa pa adìyẹ ilé jẹ títí wọn ó fi sanwó. Tòde òní ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ dógò tini: “A ó ti àkáǹtì rẹ pa lónìí!” Irọ́ ni. Láìsí àṣẹ kóòtù tàbí ìwé tí o fọwọ́ sí, wọn ò lè fọwọ́ kàn án. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 náà sọ pé ọlọ́pàá ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Ṣé o rántí oṣù Kẹta ọdún 2022? FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn l'Ékòó, àkáǹtì àwọn ayánilówó gan-an ni wọ́n ní kí báńkì tì. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Fi ẹ̀sùn kan báńkì rẹ ní kíkọ. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, kọ̀wé sí CBN ní cpd@cbn.gov.ng. Bí o bá jẹ gbèsè lóòótọ́, lọ bá àwọn tó yá ọ lówó kí ọjọ́ tó kọjá, kí ẹ jọ pín in sí wẹ́wẹ́. Tí o bá sì san án tán, má kúrò níbẹ̀ láìgba ìwé pé o ò jẹ wọ́n mọ́.