Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN: ỌLỌ́RỌ̀ MÉJÌ ÀTI ÌDÁJỌ́

Bíbélì Kíkà: Lúùkù 16:19–31, 19:1–10
Àkọ́sórí: Hébérù 9:27
Ète Ẹ̀kọ́: Kí olúkúlùkù wa lè ronú pìwà dà, kí ó sì ṣe àtúnṣe nígbà tí ó wà láàyè.

ÌṢÁÁJÚ
Àwọn àgbà wa a máa sọ pé, ohun gbogbo tí a bá ṣe láyé, a óò kúnlẹ̀ rò ó lọ́run. Nítorí náà ìdájọ́ lẹ́yìn ikú kò ṣe àjèjì sí wa. Ohun tí ó ṣòro fún wa láti gbà ni pé ayé níbí ni àyè àtúnṣe wà. Ẹ jẹ́ kí a wo ọlọ́rọ̀ méjì nínú ìwé Lúùkù.

ÀLÀYÉ
1. Ọlọ́rọ̀ tí ó pẹ́ jù (16:19–31). Ẹ kíyè sí i pé Jésù kò pe ọkùnrin yìí ní olè tàbí apànìyàn. Lásárù wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò sì kà á sí. Nígbà tí àwọn méjèèjì kú, a gbọ́ pé a sin ọlọ́rọ̀. A kò gbọ́ nǹkan kan nípa ìsìnkú Lásárù. Aṣọ ẹbí, màlúù àti ìlù tí a fi ń ṣẹ̀yẹ òkú kò lè yí ìdájọ́ padà. Ní ipò òkú ni ó ti ń ṣàníyàn lórí àwọn arákùnrin rẹ̀ márùn-ún. Ìkìlọ̀ tí ó fẹ́ kí òkú lọ ṣe fún wọn, òun fúnra rẹ̀ ìbá ti ṣe é nígbà ayé rẹ̀.

2. Ọlọ́rọ̀ tí ó tètè yí padà (19:1–10). Ọlọ́rọ̀ ni Sákéù, olórí agbowó-orí ní Jẹ́ríkò, pẹ̀lú. Ní ọjọ́ tí Jésù wọ ilé rẹ̀, ó ṣèlérí ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún àwọn tálákà, àti ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tí ó bá ti rẹ́ jẹ. Òfin Mósè ní kí ẹni tí ó jẹ́wọ́ dá owó padà, kí ó sì fi ìdámárùn-ún lé e (Númérì 5:6–7). Sákéù ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò fi owó ra ìgbàlà. Oore-ọ̀fẹ́ ni ó kọ́kọ́ wọ ilé rẹ̀. Owó náà jẹ́ ẹ̀rí pé ọkàn rẹ̀ ti yí.

3. Àwa ńkọ́? Èdè wa ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà: kí a ronú, kí a sì pa ìwà dà. Ẹni tí ó sọkún nílé ìsìn, tí ó tún gbé kóńgò tí a ti lu ìdí rẹ̀ wọnú lọ sọ́jà ní ọjọ́ Ajé, ìdajì rẹ̀ ni ó ṣe. Bí o bá ti yẹ ààlà oko ọmọ òrukàn, dá a padà. Bí ìwọ àti ọmọ ìyá rẹ kò bá kí ara yín, má ṣe dúró títí ìwọ yóò fi máa bá pósí sọ̀rọ̀. Onídàájọ́ ọ̀la ni Olùgbàlà tí ń pè ọ́ lónìí.

ÌBÉÈRÈ
1. Ta ni Lásárù tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà wa?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin àbámọ̀ ọlọ́rọ̀ kìn-ín-ní àti ìrònúpìwàdà Sákéù?
3. Bí ẹni tí a rẹ́ jẹ bá ti kú ńkọ́? (Ka Númérì 5:8.)

IṢẸ́ ṢÍṢE
Kí Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ tó dé, lọ bá ẹnì kan tí o jẹ ní owó tàbí tí o ṣẹ̀, kí o sì ṣe àtúnṣe.