Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Ń Dúró De Èsì Ìbò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kò ní gbàgbé ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018. Ìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun la dì lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á tán, Ademola Adeleke ti ẹgbẹ́ PDP ní 254,698, Gboyega Oyetola ti APC ní 254,345. Ìbò 353 péré ló wà láàárín wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joseph Fuwape, tí INEC, àjọ tó ń ṣètò ìbò, yàn láti kéde èsì, ní ìdìbò náà kò tíì parí. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ àtúndì ìbò, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kò sùn, tí wọn kò jẹun, tí wọn kò sì bá ará ilé sọ̀rọ̀ ire. Irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ tún ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ kó tó dé.

1. Ẹ dúró kí wọ́n ka ìbò ibùdó yín tán. Ọ̀pọ̀ yín a dìbò tán, ẹ ó ya fọ́tò ìka tí wọ́n fi tàdáwà sí, ẹ ó sì gbalé lọ. Nígbà tó bá di alẹ́, ẹ ó wá máa bi fóònù léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹ ti kúrò. Òfin ní kí òṣìṣẹ́ tó jẹ́ olórí ibùdó ka ìbò sókè lójú gbogbo èèyàn, kó kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù EC8A, kí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i, kí wọ́n gba ẹ̀dà tiwọn, kí ọlọ́pàá gba tirẹ̀, kí wọ́n sì lẹ èsì mọ́ ibi tí ará ìlú ti lè rí i. Nínú gbogbo iye tí ẹ ó gbọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, èyí nìkan ni ẹ fi ojú ara yín rí. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí òǹtẹ̀, ìfọwọ́sí àti iye ìbò hàn kedere. Ẹ ro ó pọ̀ níbẹ̀: ìbò gbogbo ẹgbẹ́ àti èyí tó bàjẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju iye àwọn tí BVAS, ẹ̀rọ tó ń dá olùdìbò mọ̀, yẹ̀ wò lọ. Bó bá jù ú lọ, ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ sọ ọ́, nígbà tí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

2. Ẹ mọ ọ̀nà tí èsì ń tọ̀. Láti ibùdó, ó di wọ́ọ̀dù. Láti wọ́ọ̀dù, ó di ìjọba ìbílẹ̀. Láti ibẹ̀ ló tó dé olú ìlú ìpínlẹ̀. Ní Ọ̀ṣun lọ́dún 2018, ibùdó 3,010 ló wà, wọ́ọ̀dù 332, ìjọba ìbílẹ̀ 30. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kà á, wọ́n á jiyàn, wọ́n á fọwọ́ sí i. Àgùnbánirọ̀ tó bá wọn ṣiṣẹ́ ìbò, tó ń dúró de ọkọ̀ lábúlé lóru, pẹ̀lú èsì lọ́wọ́, kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Nítorí náà, ẹ má sọ pé wọ́n ti jí ìbò kìkì nítorí pé ó pẹ́. Bó bá jẹ́ wọ́ọ̀dù tí kò jìnnà sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni, tí èsì rẹ̀ kò sì dé títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ béèrè, ẹ sì béèrè léraléra, nítorí ojú ọ̀nà yìí ni ìwé ti ń yí padà.

Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ti ń fi BVAS ya fọ́tò EC8A ránṣẹ́ sórí IReV, ìkànnì tí ará ìlú ti ń wo èsì. Nígbà ìbò gómìnà ní oṣù Keje ọdún 2022, a jókòó sílé ní Ọ̀ṣun, a sì ń rí èsì ibùdó níkọ̀ọ̀kan. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ńlá ni. Àmọ́ nígbà tí a dìbò ààrẹ ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, ọ̀pọ̀ fọ́tò tí wọ́n ṣèlérí ni kò jáde lálẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò kéde ẹni tó wọlé àfi ìdájí ọjọ́ 1 oṣù Kẹta. Ẹni tó bá ṣèlérí fún ará ìlú gbọ́dọ̀ mú un ṣẹ, mo sì fẹ́ kí ẹ máa bi àjọ náà léèrè rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ibi tí fọ́tò kò bá sí, ẹ má fi iye tí ẹ rò lọ́kàn dí i.

3. Ẹ má yọ̀, ẹ má sì sunkún, lórí èsì tó kọ́kọ́ dé. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ṣe tètè dé ni wọ́n ṣe ń kà á. Ẹdẹ ni ilé Adeleke, Ìràgbìjí ni ti Oyetola, Iyiola Omisore tó bá wọn díje lọ́dún 2018, tó kó ìbò 128,049, sì jẹ́ ọmọ Ilé-Ifẹ̀. Ilé ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ kà ni yóò máa dà bíi pé ó ti wọlé. Ibi tó kù ni kí ẹ máa béèrè.

4. Bí wọ́n bá ní ìbò kò parí, ẹ wá ìdí rẹ̀ lọ sínú ìṣirò. Lọ́dún 2018, ibùdó méje ni wọ́n wọ́gi lé: mẹ́ta ní Orolú, méjì ní Gúúsù Ifẹ̀, ọ̀kan ní Àríwá Ifẹ̀, ọ̀kan ní Òṣogbo. Àwọn 3,498 ló forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Iye yìí ju 353 lọ fíìfíì, òfin àjọ náà kò sì jẹ́ kí wọ́n kéde ẹnikẹ́ni. Nígbà àtúndì ìbò ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, Oyetola kó 1,160 níbẹ̀, Adeleke kó 325, Oyetola sì fi 482 borí. Àwọn aṣojú Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó wá wo àtúndì náà sọ ní gbangba pé àwọn kan ń dẹ́rù ba olùdìbò, wọ́n sì ń dí wọn lọ́nà. Èyí dùn mí títí di òní. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ ìbò, àwọn ibùdó díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kó lọ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

5. Ẹ má ta tẹ́tẹ́ lórí ìbò. Owó ilé ìwé ni, owó oúnjẹ ni.

6. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má máa ka iye ìbò sí wọn létí láàárín òru. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo oògùn wọn, kí wọ́n sì sùn. Ẹ̀yin náà, ẹ jẹun.

7. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbínú yín tiná bọlé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1983, FEDECO, àjọ tó ń ṣètò ìbò nígbà náà, kéde pé Akin Omoboriowo ti ẹgbẹ́ NPN ló wọlé gómìnà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, pé Michael Adekunle Ajasin ti UPN ti fìdí rẹmi. Ará ìlú mọ bí wọ́n ṣe dìbò, wọ́n sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ilé jó, wọ́n pa èèyàn, wọ́n dáná sun èèyàn láàyè, àwọn aládùúgbò tó ti ń jẹun pọ̀ dojú ìjà kọ ara wọn. Kò pẹ́, ilé ẹjọ́ dá àga Ajasin padà fún un, títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ajasin padà sí ọ́fíìsì. Àwọn tó kú kò padà sílé. Kí ọdún náà tó parí, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa nígbà náà, síbẹ̀ àwọn ọmọ tálákà ni wọ́n sin. Ẹni tó bá ránṣẹ́ sí yín lóru pé kí ẹ jáde pẹ̀lú pẹtiróòlù, ẹ bi í pé níbo ni ọmọ tirẹ̀ wà.

Ohùn tí wọ́n ká sórí WhatsApp náà ńkọ́, èyí tí kò ní orúkọ wọ́ọ̀dù, tí kò ní fọ́ọ̀mù, tí kò sí ẹni tó mọ ẹni tó sọ ọ́? Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ẹ fẹ́ ló ní ó wọlé.

8. Ẹ má pa fọ́tò èsì tí ẹ yà ní ibùdó yẹn rẹ́ nígbà tí wọ́n bá kéde tán. Òfin fún ẹni tó fìdí rẹmi ní ọjọ́ 21 láti pe ẹjọ́, ó sì fún ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdìbò ní ọjọ́ 180. Lórí ìbò ọdún 2018 yẹn, ìgbìmọ̀ náà dá Adeleke láre ní oṣù Kẹta ọdún 2019. Ní oṣù Karùn-ún, ilé ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí i padà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, adájọ́ márùn-ún sí méjì fìdí Oyetola múlẹ̀ ní ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹjọ́ àkọ́kọ́ kò jókòó ní ọjọ́ kan tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà. Adeleke wọlé lọ́dún 2022, ìgbìmọ̀ yọ ọ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Kòtẹ́milọ́rùn dá a padà ní oṣù Kẹta, ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ni ọ̀rọ̀ tó parí. Ohun tí wọ́n ń jà sí nígbà náà ni bóyá ohun tó wà nínú BVAS bá ohun tí wọ́n kọ sí fọ́ọ̀mù mu. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ ibùdó, wọ́ọ̀dù àti ọjọ́ sí ara fọ́tò náà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí èèyàn méjì tí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà.