Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: LÁTI ÀGBÁDÁRÌGÌ DÉ ABẸ́ÒKÚTA LÓRÍ KẸ̀KẸ́

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tí ó bá dàgbà sí Àgbádárìgì, tí a tún ń pè ní Badagry, mọ òkun, ó mọ ọ̀sà, ó sì mọ iyanrìn. Ṣùgbọ́n kò mọ òkè, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ológeere dé Abẹ́òkúta, ìlú òkè àti àpáta, báwo ni yóò ṣe múra? Ẹ jẹ́ kí á jọ gbèrò ìrìn-àjò náà.

Kí á tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn: ọmọdé kì í dá irú ìrìn-àjò báyìí lọ. Àwọn òbí gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí òmíràn sì wà lẹ́yìn.

Ọ̀NÀ
Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń ti Àgbádárìgì lọ sí Abẹ́òkúta. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845, Àjàyí Crowther àti Henry Townsend dé Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ogun dí ọ̀nà. Wọ́n dúró ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó lè kọjá ní ọdún 1846. Abẹ́òkúta ni Crowther ti tún fojú kan ìyá rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí a ti kó o lẹ́rú. Wọn kò fi ipá wọ ọ̀nà tí kò dára. Wọ́n ní sùúrù, wọ́n sì dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà. Láti Àgbádárìgì, a ó gba títì ńlá dé Àgbárá. Níbẹ̀ ni a ó ti yà sí ọ̀nà Lùsádà, a ó kọjá ní Àtàn, a ó sì sùn ní Ọ̀tà. Ní ọjọ́ kejì, a ó gba Ifọ̀ àti Pápáláńtò dé Abẹ́òkúta. Ẹ kọ orúkọ ìlú wọ̀nyí sínú ìwé. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ibi tí títì ti bàjẹ́ àti ibi tí ọkọ̀ ti máa ń pọ̀. Ilé-iṣẹ́ pọ̀ ní Àgbárá, nítorí náà ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ níbẹ̀.

ÀKÓKÒ
Ìrìn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí 60 kìlómítà. Bí a bá ń rin kìlómítà 12 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, wákàtí 5 ni a ó lò. Bí a bá ń sinmi fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn wákàtí kọ̀ọ̀kan, ìsinmi mẹ́rin yóò gba wákàtí 1. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 6. Bí a bá gbéra ní agogo 7 òwúrọ̀, a ó dé Ọ̀tà ní agogo 1 ọ̀sán. Ní ọjọ́ kejì, òkè yóò dín eré wa kù sí kìlómítà 10 ní wákàtí kan. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a lọ, kí òjò má baà bá wa lọ́nà.

KẸ̀KẸ́ ÀTI ẸRÙ
Ẹ yẹ bíréèkì iwájú àti ti ẹ̀yìn wò. Ẹ fi òróró sí ṣéènì. Ẹ fún táyà ní atẹ́gùn, kí ẹ sì kọ́ bí a ti ń lẹ túúbù tí ó bá jò. Ẹ mú pọ́ńpù, sípánà àti túúbù kan dání. Kí olúkúlùkù dé akoto.

Ẹrù kékeré ni kí ẹ dì, nítorí pé ohun tí ó fúyẹ́ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ a máa wúwo lórí òkè. Ẹ mú omi púpọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀pà àti àgbọn, èyí tí kò wọ́n ní Àgbádárìgì. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ yín kí ẹ tó mu omi.

BÍ A TI Ń GUN ÒKÈ
Kò sí òkè nílé tí ẹ lè fi dánra wò, ṣùgbọ́n iyanrìn àti afẹ́fẹ́ òkun wà. Ẹ máa gun kẹ̀kẹ́ kọjú sí afẹ́fẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún ìrìn yín. Ẹsẹ̀ yín yóò le.

Bí ẹ bá dé ìdí òkè, ẹ má ṣe sáré. Àwọn àgbà ní, ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ejò ń gun àgbọn. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ má ṣe di ọkọ̀ akẹ́rù mú láé kí ó lè fà yín gòkè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gígòkè ni ó léwu, ṣùgbọ́n sísọ̀kalẹ̀ léwu jù ú lọ. Ẹ máa tẹ bíréèkì méjèèjì díẹ̀díẹ̀. Ẹ tò tẹ̀lé ara yín ní apá ọ̀tún títì, kí àyè sì wà láàárín kẹ̀kẹ́ kan àti èkejì.

Ní ọdún 1952, Ọlábísí Àjàlá, ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ẹnu ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles. Títí di òní, ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìrìn-àjò ni a ń pè ní Àjàlá. Bí ẹ̀yin náà bá dé orí àpáta Olúmọ, ẹ ó ti fi mítà 137 ga ju òkun tí ẹ fi sílẹ̀ nílé lọ. Agbára nìkan kọ́ ni yóò gbé yín dé ibẹ̀, ìmúra ni.

ÌTUMỌ̀ Ọ̀RỌ̀
gbèrò: ronú ohun tí a fẹ́ ṣe kí á tó ṣe é
pẹ̀tẹ́lẹ̀: ilẹ̀ tí ó tẹ́jú
akoto: fìlà líle tí ń dáàbò bo orí

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ó dá Crowther àti Townsend dúró ní Àgbádárìgì?
2. Kí ni ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ di ẹrù kékeré?
3. Bí a bá gbéra ní Ọ̀tà ní agogo 7 òwúrọ̀, tí a sì ń sinmi fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn wákàtí kọ̀ọ̀kan, agogo mélòó ni a ó dé Abẹ́òkúta?
4. Kọ ohun márùn-ún tí ìwọ yóò yẹ̀ wò lára kẹ̀kẹ́ rẹ tàbí tí ìwọ yóò mú dání.