Orúkọ Àìsàn Kì Í Ṣe Èébú

Kútúbà Jímọ̀ lórí “wèrè” àti àwọn orúkọ àrùn ọpọlọ tí a fi ń bú ara wa

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba Aṣẹ̀dá, tí Ó dá ènìyàn, tí Ó sì fún un ní làákàyè àti ahọ́n. Òun ni a ń yìn, ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀ ni a ń tọrọ, a sì ń sá di Í kúrò níbi aburú ẹnu wa àti aburú iṣẹ́ wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí òdodo, a ń sọ àsọọ́lẹ̀ fún ara wa àti fún yín pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun kò mọ sí orí ìrun àti ààwẹ̀ nìkan. Ó kan ohun tí ń ti ẹnu wa jáde. Nínú hádísì tí Bukhari gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayrah, Ànábì kìlọ̀ pé ẹrú kan lè sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kà sí nǹkan kan rárá, kí ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ ohun tí yóò gbé e ṣubú sínú iná.

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà wa yìí, láti Òmù-Àrán dé Ẹ̀sìẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Ọ̀rọ̀ náà ni “wèrè”. Oníbàárà tí ó ná ọjà ní ìnákúnàá, wèrè ni. Ọlọ́kadà tí ó já wọ títì láìwo ọ̀tún wo òsì, wèrè ni. Ọmọ ilé-kéwú tí kò tètè mọ háráfì, “dìndìnrìn” ni wọ́n ń pè é lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó wọ aṣọ dáadáa ṣùgbọ́n tí ìwà rẹ̀ kò tẹ́ wa lọ́rùn, a ní “wèrè aláṣọ” ni. Bí ọ̀rẹ́ bá sọ ohun tí kò yé wa, a ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Àrò. Àwọn ọ̀dọ́ wa tilẹ̀ ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìyìn fún ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa. Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ràn bá sì fìdí rẹmi, wọ́n á ní àwọn ti wọ “depression”.

Àwàdà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ka èyí sí. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú ẹ̀sìn wò ó lónìí.

Kí ni ẹ̀sìn mọ ọ̀rọ̀ yìí sí?

Nínú hádísì tí Abu Dawud àti àwọn mìíràn gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi yé wa pé a ti gbé gègé ìkọ̀wé kúrò lórí ènìyàn mẹ́ta: ẹni tí ó sùn títí yóò fi jí, ọmọdé títí yóò fi bàlágà, àti ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti dàrú títí yóò fi padà bọ̀ sípò.

Ẹ kíyè sí i pé ìdájọ́ ńlá ni ó so mọ́ orúkọ yìí. Ìrun kì í ṣe ọ̀ranyàn lórí ẹni tí ó wà nínú àìsàn náà. Òwò tí ó bá ṣe kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí ó bá sọ pé òun kọ ìyàwó òun sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò mú. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ kì í sọ “majnūn” sí ènìyàn láìṣe ìwádìí. Orúkọ ipò kan ni, bí “arìnrìn-àjò” àti “aláàárẹ̀” ti jẹ́ orúkọ ipò tí ó ní ìdájọ́ tirẹ̀.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ń sọ nígbà tí a bá pe ọkọ tí ń lu ìyàwó rẹ̀ ní wèrè? Bí ó bá jẹ́ wèrè ní òtítọ́, gègé kò kọ ẹ̀ṣẹ̀ náà sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ojú rẹ̀ dá ṣáká. Kì í lu ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ ká ni ó ń lù. Ìkà ni orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ tí ó kó owó ìlú jẹ: olè ni. Bí a bá pe irú wọn ní wèrè, a ti ṣe àṣìṣe lọ́nà méjì. A ti kó ìwà ìkà lé aláìsàn lórí, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. A sì ti fún ìkà ní àwáwí tí kò ní níwájú Ọlọ́hun.

Àwọn wo ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí bú ènìyàn rí?

Ẹ ṣí Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, ẹ ó rí i pé ẹnu àwọn ọ̀tá àwọn Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni èébú yìí pọ̀ sí. Àwọn ènìyàn Ànábì Nūhu sọ ọ́ sí i, ó wà nínú Súrà Al-Qamar, ẹsẹ 9. Firiaona sọ ọ́ sí Ànábì Mūsā, ó wà nínú Súrà Ash-Shu‘arā’, ẹsẹ 27. Àwọn ọ̀ṣẹbọ Mákà sọ ọ́ sí Ànábì wa, ó wà nínú Súrà Al-Hijr, ẹsẹ 6. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni ó dá a láre ní ìbẹ̀rẹ̀ Súrà Al-Qalam. Nínú Súrà Adh-Dhāriyāt, ẹsẹ 52, Ọlọ́hun jẹ́ kí á mọ̀ pé kò sí Òjíṣẹ́ kan tí ó wá ṣáájú tí wọn kò pè ní opidán tàbí wèrè.

Kí ni ó mú wọn yan ọ̀rọ̀ yìí? Wọ́n mọ̀ pé bí a bá ti lẹ orúkọ náà mọ́ ènìyàn, kò sí ẹni tí yóò tún fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Agbára tí ọ̀rọ̀ náà ní nígbà náà ni ó ní títí di òní. Ọlọ́hun sì ti kọ̀ fún wa nínú Súrà Al-Hujurāt, ẹsẹ 11, pé kí àwọn kan má ṣe fi àwọn kan ṣe yẹ̀yẹ́, kí á má sì ṣe máa pe ara wa ní orúkọ burúkú. Irú ìnagijẹ wo ni ó burú ju èyí tí àwọn ọ̀tá fi pe gbogbo Òjíṣẹ́ lọ?

Bí Ànábì ṣe bá aláìsàn náà sọ̀rọ̀

Anas ọmọ Mālik ni ó sọ ìtàn yìí, Muslim sì gbà á wá. Obìnrin kan wà ní Mọdínà tí nǹkan ṣe làákàyè rẹ̀. Ó tọ Ànábì wá, ó ní òun ní bùkátà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ànábì pè é ní “Umm Fulān”, èyí tí í ṣe “Ìyá Lágbájá” lédè wa. Ó ní kí ó yan ojú ọ̀nà èyíkéyìí tí ó bá fẹ́, òun yóò gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ó sì bá a dúró lójú ọ̀nà títí obìnrin náà fi sọ ohun gbogbo tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ tán.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ ronú sí i. Ní ilẹ̀ wa, a kì í pe abiyamọ ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìyá Lágbájá ni, Ìyá Làkáṣègbè ni. Ọ̀wọ̀ yìí gan-an ni àìsàn ọpọlọ máa ń kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ obìnrin láàrin wa. Ìyá Lágbájá àná á di “wèrè ọjà” lónìí. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí i tẹ́lẹ̀ á máa sọ ọ́ lókò, àwa àgbà á sì máa wò wọ́n. Ànábì kò gba orúkọ ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Kò sì bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ bí ẹni tí ojú ń tì. Gbangba ojú ọ̀nà ni ó ti dúró tì í. Súnnà ni èyí, bí irùngbọ̀n àti pákò ti jẹ́ súnnà.

Ta ni ọ̀rọ̀ náà ń bà?

Ẹni tí a bú lè rẹ́rìn-ín, kí ó sì gbàgbé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bà gan-an ni ẹni tí ó dákẹ́ nítòsí. Àwọn àgbà wa mọ èyí, wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Wọ́n sì ní ojú kì í ti wèrè, ará ilé rẹ̀ ni ojú ń tì. Nínú ṣáàfù tí a tò lónìí, ó lè jẹ́ pé bàbá kan wà tí ọmọ rẹ̀ ń lo oògùn ọpọlọ, tàbí ìyá kan lẹ́yìn gàgá tí kì í sùn lóru nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ tí a ń fi “wèrè” ṣe ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, wọn kò ní bá wa jiyàn. Wọ́n á lọ sílé, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn mọ́ aláìsàn náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i, kí wọ́n lè rí ọkọ fún àbúrò rẹ̀. Ìtọ́jú tí ì bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní á wá di ti ọdún kẹta.

Kì í ṣe àbá lásán ni èyí. Ní ọdún 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gùrejé ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀ Yorùbá. Nínú 100 ènìyàn, ó lé ní 96 tí wọ́n gbà pé eléwu ni ẹni tí ó ní àrùn ọpọlọ. Ó lé ní 82 tí wọ́n ní ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Nǹkan bí 17 péré ni wọ́n ní àwọn lè fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa wà lára ohun tí ń bọ́ irú ẹ̀rù yìí.

Ẹ tún wo Àrò tí a sọ di ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn. Ní ọdún 1954 ni wọ́n ṣí ilé-ìwòsàn náà ní Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò sì ni ó darí rẹ̀. Ohun tí ó mú kí gbogbo ayé mọ ibẹ̀ ni pé kò há àwọn aláìsàn mọ́ inú àgádágodo. Ó jẹ́ kí wọ́n wọ̀ sí àwọn abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn ká, kí ẹbí kan bá wọn gbé, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Ibi tí a ti dá ọ̀wọ̀ padà fún aláìsàn ni a wá fi ń bú ara wa.

Ìtọ́jú ń bẹ

Àwọn kan ń sọ pé wèrè tí ó bá ti wọ ọjà kò gbóògùn mọ́. Hádísì gègé ìkọ̀wé tí a kà lẹ́ẹ̀kan ti dá wọn lóhùn, nítorí ó sọ nípa ìgbà tí làákàyè yóò padà. Bukhari sì gbà wá pé Ọlọ́hun kò sọ àìsàn kan kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá, tí ó ń kírun, tí ó ń ṣòwò, Ọlọ́hun ti dá gègé padà sórí rẹ̀. Ta ni àwa tí a ó ṣì máa pè é ní wèrè?

Àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Abu Zayd al-Balkhi, tí ó kú ní ọdún 934, kọ ìwé lórí ìlera ara àti ti ẹ̀mí, ó sì ya ìbànújẹ́ tí a mọ ohun tí ó fà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a kò mọ ohun tí ó fà á. Ní ìlú Aleppo ní ilẹ̀ Síríà, wọ́n kọ́ ilé-ìwòsàn Arghun ní ọdún 1354, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí al-Balkhi ṣe yìí ṣì wúlò. Ìbànújẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù á lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Èyí tí àwọn dókítà ń pè ní depression máa ń dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lójoojúmọ́, tí oúnjẹ, oorun àti iṣẹ́ kò ní wu ènìyàn mọ́. Bí gbogbo ènìyàn bá ń fi orúkọ rẹ̀ ṣeré, ọjọ́ tí aláìsàn gidi bá sọ ọ́, a ó ní ṣé òun nìkan ni, tàbí kí á ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Ẹ jọ̀wọ́, àdúrà àti rúkíyà kò ní kí á má lọ sí ọsibítù. Ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin ní àwọn dókítà ọpọlọ. Òfin orílẹ̀-èdè wa pẹ̀lú ti yí padà: ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ òfin àwọn wèrè.

Ohun tí a ó ṣe

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí á máa pe ìwà ní orúkọ rẹ̀. Ìkà ni ìkà, olè ni olè, ìwàǹwára ni ìwàǹwára.

Ìkejì, bí a bá ń sọ̀rọ̀ aláìsàn, ẹ jẹ́ kí á ní ara rẹ̀ kò dá, tàbí pé ó ń gba ìtọ́jú. Kí á má sì gba “Ìyá” tàbí “Bàbá” kúrò níwájú orúkọ rẹ̀.

Ìkẹta, kí àwọn àfáà ilé-kéwú yé pe ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń ṣòro fún ní dìndìnrìn. Kí ẹni tí ó bá sì rí ọmọ tí ń sọ aláìsàn lókò dá a lẹ́kun lójú ẹsẹ̀, yálà ọmọ tirẹ̀ ni tàbí ọmọ ẹlòmíràn.

Ìkẹrin, Ọlọ́hun pàṣẹ nínú Súrà An-Nisā’, ẹsẹ 5, nípa àwọn tí làákàyè wọn kò tó láti bójú tó dúkìá, pé kí á fún wọn ní oúnjẹ àti aṣọ, kí á sì máa bá wọn sọ ọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu wà pẹ̀lú oúnjẹ àti aṣọ nínú ẹsẹ kan náà. Ẹni tí kò ní oúnjẹ tí yóò fi tọrẹ, ó ní ahọ́n.

Ọlọ́hun, fọ ahọ́n wa mọ́. Wo gbogbo aláìsàn wa sàn, àwọn tí a mọ̀ àti àwọn tí a fi pa mọ́ sínú ilé. Fún àwọn tí ń tọ́jú wọn ní sùúrù àti ẹ̀san rere. Má ṣe gba làákàyè wa lọ́wọ́ wa, bí ó bá sì di ọjọ́ àìlera wa, jẹ́ kí á rí ẹni tí yóò pè wá ní orúkọ tí ó dára. Āmīn.