Ẹyọ owó mẹ́fà: lẹ́tà ìfẹ́ tí wọn ò fi yíǹkì kọ

Ká ní Mowe lo wà, ẹni tí ọkàn rẹ fẹ́ wà ní Ifo, kò sì sí fóònù. Kí lo máa ṣe?

Ní Róòmù, nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, akéwì Ovid kọ Heroides: lẹ́tà ewì 21 láàárín àwọn olólùfẹ́ inú ìtàn ìwáṣẹ̀. Mẹ́fà tó gbẹ̀yìn ni mo fẹ́ràn jù, torí wọ́n ní èsì. Leander kọ̀wé, Hero fèsì, omi òkun wà láàárín wọn.

Àwa náà ní àrokò. Ní Ìjẹ̀bú láyé àtijọ́, bí ọkùnrin bá so ẹyọ owó mẹ́fà mọ́ okùn ránṣẹ́ sí obìnrin, ó ní "ọkàn mi fà sí ọ", torí "fà" wà nínú ẹ̀fà. Bí obìnrin náà bá gbà, mẹ́jọ ló máa fi dá a lóhùn: ọ̀rọ̀ wa jọra. Ohùn gan-an bára mu! Wọ́n tẹ irú àrokò Ìjẹ̀bú bẹ́ẹ̀ jáde ní London ní 1887.

Ewì Ovid ṣeé túmọ̀. Ẹyọ mẹ́fà yìí kò ṣeé túmọ̀. Ní èdè míì, iye lásán ni. Àbúrò mi ní Ibafo kò lè ka ení, èjì dé ẹ̀wá. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i, "síìsì" ló máa kà.